Bàtà Méje Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹjọ mi nínú ilé yìí. Yàrá mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, ó fẹ̀ ní mẹ́jọ ó dín díẹ̀. Okùn ìwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Fèrèsé kan, ògiri ilé kejì ló kọjú sí. Bẹ́ẹ̀dì, àga kan. Kò sí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lónìí: "Ẹ káàárọ̀ mà" fún ìyá onílé nídìí ẹ̀rọ omi, "ẹ ṣé" fún ẹni tó ta búrẹ́dì fún mi, "mo wà níbí" nígbà tí olùkọ́ pe orúkọ mi. Ó tán.

Mi ò sunkún. Mo kàn ń kọ ọ́ ni.

Ọjọ́rú, 6

Olùkọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n kó wa lọ sí pápá lónìí. Ó ní àìsàn tó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n rò. "Ohun tí ojú rí ni kí ọwọ́ kọ. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀." Àwọn yòókù ń kùn pé ó le jù. Lójú tèmi, àfi bíi pé èmi ló ń bá wí. Nínú gbogbo ara mi, ojú mi nìkan ni kì í tijú.

Mo ti ń mọ àwọn ará ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì tó wà lókè máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní méjì-méjì. Ìyá Onílé — kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí èèyàn. Bàbá tó ń ránṣọ lódìkejì yàrá mi, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Télọ̀: bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, máṣíìnì rẹ̀ á dákẹ́. Bí mo bá ti kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹtì, 8

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láti ọ́fíìsì àdúgbò. Wọ́n pe gbogbo wa sí àgbàlá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á ní "ẹ ṣeun", kò sì sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun.

Ó gbé ìwé ńlá kan wá, aláwọ̀ ewé, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló ní nọ́ńbà, bébà kábọ́ǹnù tó ń ṣe ẹ̀dà wà láàárín. Ìwé Ilé. Òfin tuntun ni. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní akọ̀wé tí yóò máa kọ ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, àlejò ta ni, aago mélòó. Òun á máa wá mú ẹ̀dà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. "Ààbò yín ni. Ẹ ṣeun."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì ní òun ti ń kọ ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìsàn sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyẹn tó òun. Bàbá Télọ̀ ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò bi mí níbi tí mò ń lọ rí. Ìjọba tí mi ò fẹ́ sílé ló wá ń bi mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wo bàbá náà pẹ́ ju ẹ̀rín yẹn lọ.

Ìyá Onílé wá nàka sí mi. "Ọmọ mi yìí ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ á dáa."

Ọmọ mi, ó ní. Mo gbà á.

Àbámẹ́ta, 9

Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Nọ́ọ̀sì yọrí wọlé: "Akọ̀wé, àbúrò mi ló wá o, ó ti lọ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jẹun ju bó ṣe yẹ." Mo dúró kí ó ti ilẹ̀kùn kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà ní àyè fún orúkọ, fún aago ìwọlé, fún aago ìjáde. Àyè ìkẹyìn ni wọ́n kọ Àkíyèsí sí lórí, òun ló sì fẹ̀ jù. Ó jọ pé kò yẹ kí irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣófo. Mo kọ ọ́: àbúrò Nọ́ọ̀sì, ó ga, ó ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì.

Àìkú, 10

Bàbá Télọ̀ ò wá sọ nǹkan kan fún mi. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàtà méje wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé. Sálúbàtà mẹ́ta, bàtà aláwọ dúdú méjì, ti obìnrin méjì, okùn ọ̀kan ti já, wọ́n fi òwú pupa so ó. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ẹnì kan ń kàwé sókè. Á dúró, wọ́n á jiyàn, á tún kà. Wọ́n túká nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sábẹ́ Àkíyèsí. Ìlà mẹ́rin. Mo kà á padà. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Ajé, 11

Òjò. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 13

Mo tẹ́ bébà àwòrán ilẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tì í, nítorí pé yàrá mi ò gbà á. Bàbá Télọ̀ jáde, ó dúró sórí mi. "Ṣé ìwọ lò ń wọn ilẹ̀ ni, àbí ilẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́?"

Ó kó aṣọ kúrò lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó fọwọ́ gbá ẹfun rẹ̀ nù, ó ní kí n máa bọ̀. Láti aago méjì títí oòrùn fi wọ̀ ni mo wà níbẹ̀. Yàrá rẹ̀ ń rùn bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó ń ránṣọ, mò ń ya àwòrán. Kò bi mí ní ọmọ ta ni mí, kò bi mí ní ibi tí mo ti wá. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ̀rọ̀: "Mo máa ń dá máṣíìnì dúró tó o bá jáde, kí n lè kí ọ. Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, o ti dé ìta. Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ẹnu mi lọ."

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin. Mo rò pé èmi nìkan ni ìtìjú ń ṣe.

Ẹtì, 15

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun jókòó sórí àga mi kan ṣoṣo, èmi dúró. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé abẹ́ Àkíyèsí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. "Ogójì ilé ló wà lọ́wọ́ mi. 'Kò sí' ni gbogbo wọn ń kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lójú. Ẹ ṣeun."

Ó fi ẹ̀yin pè mí. Ó fa ẹ̀dà náà ya, ó ká a, ó fi sápò.

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò tíì sẹ́ni tó yìn mí. Mo jẹun dáadáa lálẹ́ òní.

Àìkú, 17

Màámi pè láàárọ̀. Ṣé mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá kan tó ń ránṣọ. Kí lẹ máa ń sọ? Mo ní a kì í sọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ gidi nìyẹn.

Aago mẹ́rin. Bàbá Télọ̀ kan ilẹ̀kùn mi. Awò ẹni tó máa ń kàwé fún wọn ti fọ́, ṣé mo lè wá bá wọn kà á. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Òfin tuntun náà ni wọ́n ń kà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà, wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹ̀. Bàbá Télọ̀ ní, "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi okùn so, ó yẹ kó mọ bí okùn ọ̀hún ṣe gùn tó." Ohùn mi kọ́kọ́ ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Wọ́n ń gbọ́ mi. Mo dé abala kọkànlá. Ẹni márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ péjọ sínú yàrá kan láìkọ́kọ́ fi tó ọ́fíìsì àdúgbò létí. Ẹni tó ni yàrá ni a ó mú.

Ohùn mi dúró. Obìnrin tó ní bàtà olówùú pupa ní ó ti rẹ ọmọ yìí, ẹ fún un lómi. Wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún. Bàbá Télọ̀ ka orí wa, ó ní, "A jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó máa wá ní mẹ́ta-mẹ́ta. Èmi ni màá pé mẹ́rin." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti wà lápò Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun. Mi ò sọ fún wọn. Mo dá ife padà, mo ní ẹ ṣé, mi ò sọ.

Ajé, 18

Ẹyin lohùn. Mo rò pé ti ẹnu nìkan ni wọ́n ń wí.

Mo ṣí Ìwé Ilé bóyá mo lè fa ojú ewé náà ya. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ti lọ. Kí ni màá fà ya?

Ìṣẹ́gun, 19

Mo lọ sọ fún un. Mo gbé bébà àwòrán dání kí ó má baà jọ pé ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Ó ń kọrin sínú, ó ń yọ òwú lára ṣòkòtò kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Ó ní, "O kú ẹ̀kọ́." Mo dúró títí ó fi gbójú sókè. Mo padà sí yàrá mi.

Ọjọ́rú, 20

Wọ́n mú un ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wà. Nígbà tí mo dé, kò sí ìró kankan nílé, Ìyá Onílé ń gbálẹ̀ àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀. Kò wò mí. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ síbi iṣẹ́: ọkùnrin mẹ́ta, ẹ̀dà ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi í pé ṣé kò mọ̀ pé ìpàdé ẹni méje lòdì sófin. Ó ní, "A ṣì ń kà á lọ́wọ́ nígbà yẹn ni. A ò tíì dé ojú ewé yẹn." Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Wọ́n gbé máṣíìnì rẹ̀ náà lọ. Ẹ̀rí, wọ́n ní. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tì. Mo wo inú yàrá: ojú ibi tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ti wà mọ́ ju ibi yòókù lọ, ihò kéékèèké mẹ́rin nínú lílẹ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Wọn ò kanlẹ̀kùn mọ́. Pélébé bébà ni wọ́n ń tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. "Àlejò: kò sí." "Àlejò: kò sí." Mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n èyí dúró ṣánṣán bí àjèjì.

Ẹnikẹ́ni ò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Ẹtì, 22

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun. Ìgbẹ́jọ́ Bàbá Télọ̀ yóò wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Kí n wá fọwọ́ sí ojú ewé náà níwájú wọn pé èmi ni mo kọ ọ́, pé òótọ́ ni. Ohun kékeré. Tí mo bá ti fọwọ́ sí i, bàbá náà á pàdánù yàrá rẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀.

Nígbà tó ń jáde ló ní ilé-ẹ̀kọ́ mi ti béèrè ìwé ìwà rere mi lọ́wọ́ àwọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló gbọ́dọ̀ gbà á. Òun ló ń kọ ọ́. "Kò ní pẹ́. Ẹ ṣeun."

Àìkú, 24

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Ó ní: "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Parí ìwé rẹ ná. Fọwọ́ sí i, kí o máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ kan bí èèyàn. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n jẹun.

Màámi ò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á láti ibi tó jìnnà.

Ajé, 25

Olùkọ́ yin àwòrán mi. Kò dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 28

Bàbá Télọ̀ ti dé; wọ́n ní kó wá dúró de ìgbẹ́jọ́ nílé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń rọra rìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jáde kí n tó rò ó.

Ó ti rù. Wọn ò lù ú, ó ní. Wọ́n kàn ń bi í ní ìbéèrè kan náà fọ́jọ́ mẹ́jọ títí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́." Ó ní, "Mo mọ̀. Wọ́n fi hàn mí. Ṣé mi ò mọ ọwọ́ rẹ ni? Orí tábìlì mi lo ti ń kọ nọ́ńbà." Ó jókòó. "O kọ ọ́ dáadáa o. Wọ́n kà á sókè. Bàtà àwọn ọ̀rẹ́ mi ò tíì gbayì tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ìgbà náà ni mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán.

Tí wọ́n bá lé e, ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ, ìlú mìíràn, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un lẹ́yìn fíríìjì. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nínú yàrá yìí. Ibí ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Kò ní kí n má fọwọ́ sí i. Mo dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Ajé, 2 oṣù Kẹwàá

Mo ti kọ ohun tí màá sọ lọ́la. Ojú ewé méjì. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ìṣẹ́gun, 3

Yàrá kan ní òkè kejì ọ́fíìsì àdúgbò. Àga mẹ́wàá, fáànù tó ń yí láìfẹ́ afẹ́fẹ́. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Alága ní ọ̀fìnkìn, ó ń sín sínú áńkáṣíìfù, ó ń tọrọ àforíjì. Bàbá Télọ̀ jókòó nígun, ó wọ kóòtù dúdú kan tó rán fúnra rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Alága gbé ojú ewé náà síwájú mi. Ṣé ọwọ́ mi nìyí? Ọwọ́ mi ni, mà. Kí n fọwọ́ sí ìsàlẹ̀.

Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i, mà.

Ó gbójú sókè. Ṣé irọ́ ni mo kọ? Mo ní kì í ṣe irọ́. Kí ló wá dé?

Ojú ewé méjì tí mo mọ̀ sórí ti pòórá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí n tó sọ ọ́: "Mo yá yín lójú mi láìmọ̀, mà. Mo fẹ́ gbà á padà."

Ó sín. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Alága ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-ṣeun dìde, ó ní kí n rántí ìwé ìwà rere. Mo ní mo rántí ẹ̀, sà. Ó wò mí. Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an: "Ẹni tó lójú báyìí, ìwé kan ò lè tó o. Ṣé ẹ ò ní òmíràn nílé?"

Mi ò dá a lóhùn. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ti òní kì í ṣe ìtìjú.

Kò sọ pé ẹ ṣeun.

Ọjọ́rú, 4

Ojú ewé tí akọ̀wé ò bá fọwọ́ sí kì í ṣe ẹ̀rí. Abala kẹrìndínlógún. Wọ́n dá Bàbá Télọ̀ láre. Yàrá rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Máṣíìnì ò tíì padà.

Ó mọ abala náà tẹ́lẹ̀; ó ti ka èyí tó kù nínú òfin náà látìgbà tó ti padà dé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi lo máa lọ sọ níbẹ̀. Wọ́n ti ń fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tó ní ìlú yìí."

Ilé-ẹ̀kọ́ pè mí. Láìsí ìwé ìwà rere, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò lópin oṣù. Akọ̀wé ibẹ̀ ò gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò tíì sọ fún Màámi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ìyá Onílé wá gba Ìwé Ilé. Kò pè mí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́: wọ́n ń bọ̀ wá yẹ yàrá mi wò lọ́la, aago mọ́kànlá. "Tí nǹkan bá wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n o." Ó lọ.

Ìwé tí mò ń kọ yìí ni. Kò sí nǹkan mìíràn nínú yàrá mi. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Télọ̀ sọ nípa ìjọba wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ àbúrò Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Obìnrin olówùú pupa. Mo tún ti ṣe é.

Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn, ó kàn án. Ó ní kí n sun ún. Ó mú ìṣáná wá. Mo mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀, ìṣáná lórí rẹ̀. Ó ní, "Tó o bá sun ún, àwọn ló sun ún."

Ẹtì, 6, àárọ̀

Aago mẹ́jọ kọjá. Mo jókòó sídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Bàbá Télọ̀ ti tú aṣọ inú kóòtù òjò mi lẹ́yìn, ó ti gé àpò sí i, ó fi ìwé yìí wọ̀n ọ́n kí n tó gbà á padà láti kọ èyí. Màá wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Oòrùn ń ràn lóde; Nọ́ọ̀sì ní kí n máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn òpin oṣù, mi ò mọ̀.

Ọwọ́ ló máa fi rán an. Ó bi mí pé ó ku ìlà mélòó. Mo ní díẹ̀. Ó ní kí n má kánjú. Ó ti gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi fèrèsé, ó ń fi itọ́ pa orí òwú, ó tì í, kò wọlé, ó tún tì í. Ìgbà kẹrin rèé. Kò ní bẹ̀ mí. Mò ń gbé kálámù sílẹ̀ kí n lọ bá a fi òwú bọ̀ ọ́.